Mẹ́jọ

Aago kò tíì dún.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n tún un sọ: aago kò tíì dún
nígbà tí iná lọ.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo wọ yunifọ́ọ̀mù búlúù
tí ìyá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà,
mo dúró níwájú Ọ̀gbẹ́ni Tìjání Ọ̀ṣúndárà
nínú yàrá tútù kan ní Òkè-Báálẹ̀,
ó sì ti bi mí pé, "Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín.
Òkùnkùn gbà á lẹ́nu mi.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni ohùn rẹ̀ wí láti inú òkùnkùn,
"ibi tí a dé la ó ti bẹ̀rẹ̀."
Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ló dúró níbẹ̀.

Kọ́ládé lorúkọ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ yọ ẹnu bíi pẹ́pẹ́yẹ,
ó ń fò, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.
Fóònù ni ẹ̀bùn báyìí,
kì í ṣe ìwé méjìlá àti agolo Bọ́ńfítà mọ́.
Wọ́n ní ọ̀gá tuntun ló sọ pé àgbà náà ń fa ọ̀rọ̀,
pé ó máa ń wo ọmọdé lójú pẹ́ jù
kó tó ní, "O ò gbà á."
Kì í ṣe pé Kọ́ládé kò dára o.
Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní eyín rẹ̀ funfun.
Ṣùgbọ́n kò pè mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn,
ní àjà ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lẹ́yìn àpótí, nínú balùwẹ̀.
Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Ọ̀kan ní méje, bóyá ó ti jà.
Mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì tòun ti mẹ́jọ lábẹ́ ahọ́n,
mo sì gbé e jáde níbẹ̀.

Mo máa ń rí ọ̀gbẹ́ni náà ní oríta Ọláìyá,
kò sí táì lọ́rùn rẹ̀, ike kẹrosíìnì ló wà lọ́wọ́.
Àwọn ọlọ́kadà á kí i: "Kí Aago Tó Dún!"
Á na ìka méjì sókè, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan,
kò ní dúró gbọ́ èsì.
Lọ́jọ́ kan mo sáré tẹ̀lé e dé iwájú ilé epo.
Ó yíjú padà, ó wò mí pẹ́, bó ṣe máa ń wò.
Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ọdún keje. Iléeṣẹ́ ọṣẹ tó ń náwó sétò náà ti kó owó rẹ̀ lọ,
Kọ́ládé náà ti bá tirẹ̀ lọ.
Ọ̀sán Sátidé, mo pàtẹ bàtà sílẹ̀ ní ọjà Ìgbóǹnà,
tẹlifíṣọ̀n onígbàjámọ̀ kọjú sí mi,
mo gbọ́ ikọ́ kan. Mo mọ ikọ́ yẹn.

Irun rẹ̀ ti di ẹ̀gbọ̀n òwú. Kóòtù ti tóbi jù ú lọ.
Wọ́n gbé aago tuntun fún un, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.
Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un fi sójú.
Kò sọ ibi tó lọ, kò dárúkọ ẹni tó lé e.
Ó ní, "Níbo la dé?"

Àwọn ọmọ iwájú rẹ̀ ń wo ara wọn.
Ìrìn ni wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́jọ́ tí iná lọ.

Mo dìde láàárín bàtà, mo ké:
"Mẹ́jọ!"

Obìnrin tó di sálúbàtà pupa mú, tó ń bi mí ní iye rẹ̀,
sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ? Fún òkìrìkà?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo dá lóhùn.
Méjì ààbọ̀ ni. Ẹ mú un lọ ní méjì."
Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, aago dún.